Ohun tí Ẹni Méjì fi Owó Rà ní Orúkọ Ẹnì Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ìtumọ̀ òwe náà kò ṣòro: eré a máa tán, àwọn tí ń ṣeré a sì máa túká, oníkálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ, nítorí pé kò sí ìdí tí ìbá fi sọ ọ́ ní ayé àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀. Kò sọ ẹni tí yóò gbé ohun ìṣeré lọ sí ilé. Ní ayé ọpọ́n ayò, kò sí ariyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tí ó ni ọpọ́n mọ̀ pé òun ni ó ni ín, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pẹ̀lú. Òǹtayò méjì lè bínú sí ara wọn títí ayé, ọpọ́n yóò padà sí abẹ́ ibùsùn olúwa rẹ̀, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta yóò sì pé nínú rẹ̀.

Ohun ìṣeré òde-òní yàtọ̀, ìwọ tí o sì ń ka ìwé yìí mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Géèmù tí a ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe igi, kì í ṣe irin, kò sì sí nínú páálí. Kò sí bí a ti lè gbé e sí abẹ́ ibùsùn. Orúkọ kan ni a fi ń rà á, orúkọ náà ni a sì ń pè ní àkáǹtì. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọ inú àkáǹtì náà ni yóò wọlé; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò dúró ní òde. Nítorí náà, bí ẹni méjì bá jọ dá owó, tí wọ́n fi orúkọ ẹnì kan rà á, tí ìfẹ́ àárín wọn sì wá yìnrìn, ọ̀kan yóò wà nínú ilé, èkejì yóò wà ní ìta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ́ ilé náà.

Bóyá ìwọ yóò wí pé, “Kí ni ó kàn mí nínú èyí? Èmi kò ní àfẹ́sọ́nà.” N kò tilẹ̀ gbàdúrà pé kí o ní in ní kíláàsì tí o wà yìí. Ṣùgbọ́n o ní ẹ̀gbọ́n, o ní àbúrò, o sì ní àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ lè fi owó oúnjẹ ọ̀sán pamọ́ kí ẹ fi ra géèmù bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá sínú àkáǹtì ọ̀kan nínú yín. Ọ̀nà kan náà ni ìjà fi ń wọlé.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀ràn kan tí a gbé wá sí ọ̀dọ̀ mi. Ní ìparí ọdún 2024, ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ mi rí. Ọmọkùnrin tí ó ti jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ láti ọdún 2021 náà sì ti jókòó ní kíláàsì mi. Wọ́n ti pínyà. Ìdí nìyí tí ìyá náà fi tọ̀ mí wá dípò kí ó tọ pásítọ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi pe ọmọ yín yẹn. Ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ọmọ mi.” Mo béèrè irú ẹrù tí ó jẹ́. Ọkàn mi ti lọ sí àpótí aṣọ, tàbí ìkòkò ìsebẹ̀, tàbí irú ẹrù mìíràn tí a máa ń gbọ́ pé àwọn tí wọ́n kọ ara wọn ń jà sí. Ó ní, “Géèmù ni, sà.” N kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo rí ojú rẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì, wọ́n sì wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi bí ẹni pé odò wà láàárín wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyí. Ọmọkùnrin náà ni ó ṣí àkáǹtì ní ọjà géèmù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ímeèlì àti nọ́ńbà tẹlifóònù ara rẹ̀ ṣí i. Àwọn méjèèjì mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, olúkúlùkù sì ń ti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọlé. Bí ọ̀kan bá ń ṣeré, èkejì a dúró títí yóò fi kúrò níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, géèmù mẹ́tàlélógún ni wọ́n rà. Ọmọbìnrin náà ni ó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ oṣù, nítorí náà owó rẹ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: ó san owó mẹ́rìnlá, ọmọkùnrin san owó mẹ́sàn-án. Mo mọ iye yìí nítorí pé ọmọbìnrin náà mú ìwé àkọsílẹ̀ kan wá, ó ti kọ ọjọ́, orúkọ géèmù, àti iye owó sínú rẹ̀ ní ìlà-ìlà, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́. (Kò sí olùkọ́ tí inú rẹ̀ kì í dùn láti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àní ní ọjọ́ ìjà.) Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pínyà, ọmọkùnrin yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà. Kò sọ fún un. Ọmọbìnrin náà tẹ ọ̀rọ̀ tí ó ti ń tẹ̀ láti ọdún mẹ́ta wá, ilẹ̀kùn kò sì ṣí.

Ọmọkùnrin wí pé, “Ọ̀gá, orúkọ mi ni ó wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n tà á kò mọ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí mi. Bí ó bá sì fi owó sí i, ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é, ẹ̀bùn ni.” Ọmọbìnrin wí pé, “Ọ̀gá, owó mi ni. Ìwé rẹ̀ nìyí.”

Mo bi ọmọbìnrin náà léèrè èyí tí ó dùn ún jù nínú gbogbo mẹ́tàlélógún. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Oko mi ni, Ọ̀gá.”

Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu, mo sì ní kí ó là á yé mi. Géèmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Stardew Valley, èyí tí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Eric Barone, fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 2016. Oko dídá ni eré náà. A ó ro ilẹ̀, a ó gbin ewébẹ̀, a ó bomi rin ín, a ó sin adìyẹ àti màlúù. Ẹni méjì tí wọ́n wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọ dá oko kan náà bí olúkúlùkù bá ní géèmù náà. Àbúrò ọmọbìnrin yìí lọ sí ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 2022. Ọmọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí tẹlifóònù ni. Bí a bá bi í bí nǹkan ṣe rí, á ní dáadáa ni, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá jọ ń bomi rin ewébẹ̀ nínú oko yìí, á wá máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀: bí òtútù ibẹ̀ ti rí, bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, ohun tí ó jẹ àti ohun tí ó ń wù ú jẹ. Nígbà tí ilẹ̀kùn àkáǹtì ti, oko náà ti mọ́ ibẹ̀. Mo wo ọmọkùnrin náà nígbà tí ọmọbìnrin ń sọ èyí. Ilẹ̀ ni ó ń wò.

Nísinsìnyí, ìwọ òǹkàwé mi, jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí yẹ̀ wò, nítorí pé irọ́ kọ́ ni ó pa. Ọ̀kan nínú àwọn ọjà géèmù tí ó tóbi jù lọ ni Steam, tí ilé-iṣẹ́ Valve ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Olúkúlùkù oníbàárà ni ó ní láti fọwọ́ sí àdéhùn kan kí ó tó ra ohunkóhun níbẹ̀. Àdéhùn náà gùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fọwọ́ sí i láì kà á, bí ẹni tí ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́. Ó wà níbẹ̀ kedere pé àṣẹ ìlò ni a fún oníbàárà, a kò ta ohun náà fún un; pé kò gbọdọ̀ ta àkáǹtì rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe PlayStation. Ẹgbẹ́ kan tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní ilẹ̀ Faransé, UFC-Que Choisir, gbé Valve lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí irú ìlànà yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kan ní Paris dá ẹgbẹ́ náà láre, ó ní ẹni tí ó bá ra géèmù lè tún un tà, gẹ́gẹ́ bí o ti lè ta ìwé kíkà rẹ fún ọmọ tí ó ń bọ̀ ní kíláàsì lẹ́yìn rẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà.

Ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò fọwọ́ kan ọjà náà fúnra rẹ̀. Èdè ọjà ni wọ́n tún ṣe. Òfin kan tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, wí pé ẹni tí ń ta irú nǹkan wọ̀nyí kò gbọdọ̀ kọ “rà” síwájú oníbàárà láì sọ fún un gbangba pé àṣẹ ìlò ni ó ń gbà. Òfin yìí dùn mọ́ mi nínú. Mo ti kọ́ni ní èdè fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì wù mí kí a máa pe yíyá ní rírà.

Ohun tí àṣẹ ìlò túmọ̀ sí, àwọn tí wọ́n ra géèmù ọkọ̀ sísáré kan tí ń jẹ́ The Crew lè sọ ọ́ fún ọ. Ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé e jáde ní ọdún 2014. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ tí ó gbé e ró, géèmù náà kò sì ṣeé ta mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tí ó fi owó gidi rà á. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí ó gbá orúkọ rẹ̀ mú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ayálégbé ni òun náà. Òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé wà ní ibòmíràn. Ayálégbé méjì ni wọ́n ń jà sí ilé tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le ju ti àtijọ́ lọ nìyẹn. Ní ọdún 1984, nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́ kékeré, àwọn olùkọ́ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ wa jọ ra alùpùpù kan. Orúkọ àgbà nínú wọn ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí a gbé ọ̀kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ di ariwo fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, a gbé alùpùpù lọ sí ọjà, a tà á, a pín owó náà sí méjì, àwọn méjèèjì sì jọ jẹun kí ọkọ̀ tó gbé ẹni tí ń lọ. Ohun tí a bá lè tà, ìjà rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Bí a bá walẹ̀ títí, a ó kan án. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè gbé géèmù mẹ́rìnlá kúrò nínú mẹ́tàlélógún lọ sí ọjà? Bí ọmọkùnrin náà tilẹ̀ fẹ́ kó wọn fún un ní ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà kó wọn láti inú àkáǹtì kan sí òmíràn.

Òfin ìlú wa pẹ̀lú kò fi bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà nínú ọ̀ràn yìí. Òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti ọdún 1970 fún ilé-ẹjọ́ gíga ní agbára láti pàṣẹ lórí dúkìá tọkọtaya tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ti ìjọba, tí wọ́n sì ń kọ ara wọn. Àwọn méjì yìí kò tíì di tọkọtaya. Lóòótọ́, ẹni tí ẹlòmíràn bá jẹ ní gbèsè lè pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò wo ni yóò gba owó tí ó kéré ju iye géèmù wọ̀nyí lọ?

Síbẹ̀, irú ọ̀ràn báyìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí baba bá kú, tí ó fi ilé sílẹ̀, dáódù ni yóò di olórí ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà, òun ni àlejò yóò sì máa béèrè. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí ni. Dáódù kò lè tà á láì jẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ ti àbúrò rẹ̀ mọ́ òde nítorí pé òun ni ẹnu-ọ̀nà mọ̀. Wo alájọ pẹ̀lú. Owó gbogbo ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olè bá jà á, àpò rẹ̀ ni yóò gbé. Síbẹ̀ kò sí ìyá alátà kan tí yóò gbà pé owó alájọ ni. Mo bi ọmọkùnrin náà léèrè pé bí alájọ bá jí ní ọjọ́ kan tí ó wí pé, “Ọwọ́ mi ni ó wà, nítorí náà tèmi ni,” orúkọ wo ni àwọn ará ọjà yóò sọ ọ́. Kò dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni ó gbà wá ní àkókò jù, nítorí pé òun ni ó ṣòro jù. Ẹni tí ó bá fún ni ní nǹkan tọkàntọkàn kò gbọdọ̀ padà wá gbà á nígbà tí ojú bá korò. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo owó tí ó ti ọwọ́ olólùfẹ́ bọ́ sí ọwọ́ olólùfẹ́ ni ó jẹ́ ẹ̀bùn. Nínú àṣà wa, bí ìgbéyàwó bá dàrú, a lè ní kí ẹbí obìnrin dá owó orí padà. Ṣùgbọ́n mi ò rí àna tí ó béèrè àsáró tí a jẹ ní ilé rẹ̀ ní ọjọ́ àbẹ̀wò. Ohun tí a jẹ tán yàtọ̀ sí ohun tí a gbé kalẹ̀ nítorí ọjọ́ iwájú. Mo ní kí ọmọbìnrin náà wo ìwé rẹ̀, kí ó sọ fún mi èwo nínú mẹ́rìnlá náà ni ó rà fún ọmọkùnrin yìí láti mú inú rẹ̀ dùn, àti èwo ni ó rà kí àwọn méjèèjì lè jọ máa lò ó.

Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mú báírò, ó fa igi sí orí ìlà méjì. “Ìwọ̀nyí ni mo rà fún ọjọ́ ìbí rẹ̀,” ó wí. “Tirẹ̀ ni.” Ó ku méjìlá.

Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú un ṣe èyí. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, èmi kò ní mọ̀, ìyá rẹ̀ kò ní mọ̀, ìwé náà kò sì sọ ìdí tí a fi rà á. Ẹnu ya ọmọkùnrin náà. Ó tún jókòó dáadáa lórí àga rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò retí rárá. “Ọ̀gá,” ó wí, “ọ̀kan wà nínú mẹ́sàn-án tí ó kọ sí orúkọ mi tí kì í ṣe tèmi. Mo yá owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kan tí n kò ní, n kò sì san án padà.” Ọmọbìnrin náà ti gbàgbé. Ó di mẹ́tàlá.

Láti ìgbà náà lọ, èmi kò ṣe ìdájọ́ mọ́. Ìṣirò ni mo ń bá wọn ṣe. Ìṣirò náà kò sì rọrùn, nítorí pé dọ́là ni a fi ń ra géèmù wọ̀nyí. Ní ọdún 2022, iye tí ìjọba pe dọ́là kan kò tó 500 náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ okùn náírà, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 2024 dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Bí ọmọkùnrin bá dá iye náírà tí ọmọbìnrin san ní 2022 padà fún un, kò ní tó ìdámẹ́ta ohun tí yóò fi tún ohun kan náà rà. Bí a bá sì ní kí ó san iye ti òní, yóò san ju ohun tí ó gbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti fi ọdún mẹ́ta gbádùn géèmù wọ̀nyí. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá rò pé ìṣirò kò wúlò lẹ́yìn ìdánwò, kí ó jókòó pẹ̀lú mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí nìyí. Nínú mẹ́tàlá, márùn-ún péré ni ọmọbìnrin náà ṣì ń fẹ́ ní tòótọ́. Ó fi mẹ́jọ yòókù sílẹ̀ dípò ohun tí òun pẹ̀lú ti gbádùn. Yóò ṣí àkáǹtì ní orúkọ ara rẹ̀. Ọmọkùnrin yóò máa ra márùn-ún náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì dúró de àkókò tí ọjà bá bu owó wọn kù, nítorí pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ a máa ṣe ẹ̀dínwó ńlá ní àwọn àkókò kan nínú ọdún. Ìdènà kékeré kan yọjú. Ọjà náà kì í jẹ́ kí ènìyàn fi géèmù ta ẹlòmíràn lọ́rẹ bí orúkọ onítọ̀hún kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà béèrè bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Kò sí. Mo sọ fún un pé kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí àwọn ọ̀rẹ́ ibẹ̀ máa kí ara wọn.

Ti oko náà kò dúró de ẹ̀dínwó. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti inú yàrá. Ó jáde wá, ó ní àkọsílẹ̀ oko yẹn kò sí ní ìkáwọ́ àkáǹtì rárá. Inú kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ni fáìlì rẹ̀ wà, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé orí rẹ̀ ni ó ti ń dá oko náà. Géèmù ni ẹnu-ọ̀nà. Bí ó bá ti ní òmíràn ní orúkọ ara rẹ̀, oko yóò ṣí. Iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tí ó lé ní 20,000 náírà ní ìgbà náà. Ọmọkùnrin náà fa fóònù rẹ̀ yọ, ó sì rà á fún un kí ó tó kúrò ní ilé mi, láì dín kọ́bọ̀ kan.

Wọ́n sọ fún mi pé nínú eré yẹn, ọjọ́ kì í lọ bí kò bá sí ẹni tí ń ṣeré. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò padà dé oko wọn, ewébẹ̀ tí wọ́n gbìn ṣáájú ìjà ṣì wà lórí ebè, ó ń dúró de omi.

Ìwọ òǹkàwé mi, àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí ti ń gbìyànjú láti fi ọ̀nà tí ó dára jù hàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Steam ṣí ètò kan fún àwọn ará ilé kan náà, tí àwọn mẹ́fà lè wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù ń ra tirẹ̀ sínú àkáǹtì tirẹ̀, àwọn yòókù sì lè lo púpọ̀ nínú ohun tí ó rà. Bí ẹnì kan bá jáde, ohun tí ó rà bá a jáde. Wọ́n sì fi ìjánu sí i kí ènìyàn má baà máa ti ẹbí kan bọ́ sí òmíràn: àgbàlagbà tí ó bá jáde kò ní lè wọ ẹbí mìíràn títí ọdún kan yóò fi pé láti ọjọ́ tí ó wọ ti ìṣáájú. Bí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń gbé abẹ́ òrùlé kan, ẹ wo irú ètò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni ẹ fẹ́ fi owó yín sínú àkáǹtì ẹnì kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀: bí ọ̀kan nínú wa bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, kí ni yóò mú lọ? Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ojú lè tì yín láti béèrè. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ́ kì í fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé òun ń fura sí i. Ṣùgbọ́n àwọn òbí yín a máa gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn, inú kò sì bí ẹnikẹ́ni.

Ní ti àwọn méjì tí mo sọ̀rọ̀ wọn, wọn kò fẹ́ra mọ́, èmi kò sì gbìyànjú láti tún un ṣe. Kì í ṣe ohun tí wọ́n bá wá nìyẹn. Mẹ́rin nínú márùn-ún ti pé. Ẹyọ kan ni ó kù, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà wọ́n ń dúró de ẹ̀dínwó. Ọmọbìnrin náà fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn mí láìpẹ́ yìí. Ó ti kọ orúkọ karùn-ún sínú rẹ̀, ó sì fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ ní òfìfo.